Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Odò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Gbẹ́

Èmi, Dókítà Màlúù, gẹ́gẹ́ bí tọmọdé tàgbà ti ń pè mí láti ìgbà tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú ẹranko, ni mo ń kọ ìhágún yìí fún ẹ̀yin ọmọ mi, fún ẹbí mi, àti fún ẹnikẹ́ni tí òfin bá ní kí ó kà á. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́, lórí tábìlì ìjẹun, nítorí pé lọ́yà mi ti dá fáìlì mi padà, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn òun. Gbogbo ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo pa wọ́n rẹ́.

Mo kéde pé orí mi pé, ọpọlọ mi sì jí pépé. Nínú ìhágún ẹlòmíràn, ohun tí à ń kọ nítorí pé òfin ní kí a kọ ọ́ ni gbólóhùn yìí. Ní tèmi, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ọmọ mi ọkùnrin ti gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n kéde pé ogbó ti dà mí lórí rú, kí òun lè máa bójú tó ohun ìní mi. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni adájọ́ yóò gbọ́ ẹjọ́ náà. Mo fẹ́ kí adájọ́ mọ̀ pé ọkàn mi ni ó ń ṣe ségesège, kì í ṣe ọpọlọ mi. Ọkàn náà ti wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n fi yíìsì pọ̀ jù sí, dókítà sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe gun àtẹ̀gùn, kí n má sì ṣe bínú. Ti àtẹ̀gùn ni mo lè pa mọ́.

ÌPÍN KÌÍNÍ. Mo fi ọmọ mi obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣe alámùúṣẹ ìhágún yìí, òun nìkan.

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìlú tí o wà jìnnà, iṣẹ́ wọ́ọ̀dù kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi. Ìwọ ni mo yàn nítorí pé láti kékeré ni o ti máa ń béèrè ìdí. Bí mo bá ní kí ẹ má fọwọ́ kan iná, ẹ̀gbọ́n rẹ á ní òun ti gbọ́, á sì lọ fọwọ́ kàn án. Ìwọ á jókòó tì mí títí n ó fi ṣàlàyé ohun tí iná ń ṣe sí awọ ara. Ka ìwé yìí bí o ṣe ń ka káàdì aláìsàn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, má fo nǹkan kan.

ÌPÍN KEJÌ. Ilé tí mo ń gbé, pẹ̀lú gbogbo yàrá rẹ̀, àga àti ibùsùn inú rẹ̀, ọkọ̀ mi, àti àgbàlá ẹ̀yìn títí dé ògiri, ni mo fi sílẹ̀ fún ọmọ mi ọkùnrin tí ó jẹ́ ọ̀gá ní báǹkì. N kò dè é mọ́ ohunkóhun. Bí ó bá wù ú kí ó tà á lọ́jọ́ kejì, tirẹ̀ ni.

Mo kọ ìpín yìí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé inú ìbínú ni mo ti kọ ìyókù. Èmi àti ọmọ yìí ti jọ jà lórí ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dé kẹ́yìn ló burú jù. Ó pa òwe fún mi lójú àlejò, ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà tọ́, èmi ni mo sì kọ́ ọ nígbà tó wà lórí itan mi. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ni òwe náà ń sọ. Ohun tí mo fi ń dù ú kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ. Mo rántí ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wọ ṣúùtù lọ síbi iṣẹ́, tí ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń wò ọ́ títí o fi yí kọ́nà. Ilé ni mo fún ọ. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ni n kò fún ọ, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

ÌPÍN KẸTA. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, láti ibi afárá kékeré títí dé ògiri yunifásítì, èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ni mo fi sí ìkáwọ́ ọmọ mi obìnrin. Kì í ṣe kí ó lò ó, kí ó máa ṣọ́ ọ ni. Kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ fi yá ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ ẹ, ìbáà ṣe fún ìpìlẹ̀ ilé, fún kànga, fún sàréè tàbí fún ọ̀gbìn. Kí ó tún wáyà ẹlẹ́gùn-ún tó yí i ká ṣe. Nígbà tí ọmọ tirẹ̀ bá dàgbà, kí ó sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà fún un, kí ọmọ náà sì sọ fún tirẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Ní ọdún tí ọmọ mi obìnrin wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àrùn áńtíráàsì wọ agbo màlúù yunifásítì. Màlúù á jẹun láàárọ̀, á ṣubú lọ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì á sì máa ṣàn ní imú rẹ̀. Èmi ni dókítà wọn. A kì í la ikùn irú ẹran bẹ́ẹ̀ láéláé, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá kan ẹ̀jẹ̀ náà, àrùn á di hóró tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí, á sì wọ inú ilẹ̀ lọ sùn. Òjò kò pa á. Oòrùn kò pa á. Títí ọmọ tí a bí lọ́dún náà yóò fi di bàbá ọmọ, ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ọwọ́ tó ní egbò tàbí imú tí yóò fa eruku.

Agbo náà kú tán. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sin wọ́n sórí ilẹ̀ òun, ni mo bá fi ilẹ̀ bàbá mi sílẹ̀. A gbẹ́ kòtò tó jìn, a da láìmù, ìyẹ̀fun òkúta funfun, lé wọn lórí, a rọ́ yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n, a sì fi wáyà yí ibẹ̀ ká. Iṣẹ́ náà dára. Bí a bá fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde wá fẹ́ kọ́ ilé gbígbé fún àwọn ọmọ tí sikọláṣíìpù wa ń rán ní yunifásítì. Mo wà lára àwọn tó dá sikọláṣíìpù náà sílẹ̀, mo sì fẹ́ràn àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ọmọ aláìní ni wọ́n, wọ́n sì mọ̀wé. Mo ti wọ yàrá tí wọ́n ń gbé báyìí. Mẹ́ta ló ń sùn lórí ibùsùn kan, wọ́n fi okùn so aṣọ kọ́ lójú fèrèsé nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n á kó o sí. Ilé tọ́ sí wọn. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ni alága wa sì yàn, ọmọ mi ọkùnrin sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún un.

Ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ wa kò ní mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí tó báyìí. Á ní katapílà ló máa ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Nígbà tí àwa wà ní yunifásítì, katapílà bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ bá bọ́ bàtà, a fi ọwọ́ lásán gbẹ́ ẹ, a sì ń kọrin. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilé tí ẹgbẹ́ wa fi ta yunifásítì lọ́rẹ tí kì í ṣe ọwọ́ lásán ló bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀. À ń pè é ní Ọjọ́ Ìgbẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ sikọláṣíìpù ló ń gbẹ́ ẹ báyìí, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Wọn kì í wọ bàtà. Wọn kì í wọ ìbọ̀wọ́, nítorí pé ọmọ tó bá wọ̀ ọ́, wọ́n á bi í bóyá ààfin ni wọ́n ti bí i. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ náà pa iwájú orí, wọ́n á sì ya fọ́tò.

Alága ní òun ti gbé yẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò, wọn kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ti bu yẹ̀pẹ̀ ọ̀hún. Ẹ̀gbẹ́ afárá ni, lókè, níbi tí a kò sin màlúù kankan sí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú wọn dé ojú kòtò gan-an, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Lọ́dún tó kọjá, ewúrẹ́ aládùúgbò kan gba ibi tí wáyà ti já wọlé, ó lọ jẹ koríko níbi tí àgbàrá ti wọ́ ilẹ̀ lọ. Ó kú lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ dúdú nímú. Mo wọ́n bẹntiróòlù sí i, mo sun ún di eérú. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní ìpàdé, ẹnì kan ní ewúrẹ́ lè kú ikú tó bá wù ú, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín bí n kò bá rí ewúrẹ́ ọ̀hún.

ÌPÍN KẸRIN. Fún alága ẹgbẹ́ wa, ẹni tí à ń pè ní Afínjú láti yunifásítì nítorí pé ó máa ń lọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ní áyọ́ọ̀nù, mo fi fọ́tò tó wà lórí pẹpẹ ìwé mi sílẹ̀.

Àwa mẹ́ta ló wà nínú fọ́tò náà, níwájú ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé, ẹrẹ̀ dé ìgúnpá wa. Ọmọbìnrin tó wà láàárín ni Afínjú kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí. Èmi ló fẹ́. Àwọn kan ń sọ ọ́ báyìí pé owú ló ń jà lọ́kàn mi, pé èmi kò fẹ́ kí orúkọ Afínjú wà lára ògiri. Ta ló ń jowú ta? Èmi tí mo fẹ́ ẹ, tí mo bá a gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé, kí ni mo tún fẹ́ jowú sí? Ẹ ṣàánú mi, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àtijọ́ bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀.

Mo jẹ Afínjú ní oore kan tí n kò lè san. Nígbà tí ìrora mú ìyàwó mi lórí oyún àkọ́kọ́, tí omi ti gbé ọ̀nà lọ, èmi wà lóko tí mo ń gbẹ̀bí màlúù. Afínjú ló gbé e kọjá omi, ó gbé e dé ọsibítù lórí ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú bàtà dídán rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni ọmọ mi ọkùnrin fi wà láyé. N kò gbàgbé. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro fún mi láti kọ ohun tó tẹ̀ lé e yìí. Nígbà tí màlúù ń kú, Afínjú ni ọ̀gá tó ń bójú tó oko yunifásítì. Ó ní kí a tètè tà wọ́n fún àwọn alápatà kí wọ́n tó ṣubú tán. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo ní kò sí màlúù tí yóò jáde. Ọ̀rẹ́ wa kò gún mọ́ láti ọjọ́ náà. Nítorí náà, Afínjú mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n. Kò kàn gbà pé ó ṣì lè pa ènìyàn ni. Ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, á ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ogbó ti dé sí òun náà, ó fẹ́ rí ilé tí orúkọ òun wà lára rẹ̀ kó tó kú. Mo mọ̀ bó ṣe ń ṣe é, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe gbogbo wa.

ÌPÍN KARÙN-ÚN. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ẹranko mi, lójú ọ̀nà géètì yunifásítì, ni mo fi ta yunifásítì lọ́rẹ, kí wọ́n kọ́ ilé gbígbé àwọn ọmọ sikọláṣíìpù síbẹ̀. Ilẹ̀ náà gbẹ, kò sí ohunkóhun nísàlẹ̀ rẹ̀ ju òkúta lọ.

Mo ti fi ilẹ̀ yìí lọ ẹgbẹ́ wa nígbà ayé mi. Wọ́n ní ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ ní títì kò ní rí ilé náà, pé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ni. Òótọ́ ni. Àwọn tí yóò sùn nínú ilé náà ni mo rò pé à ń kọ́ ọ fún.

ÌPÍN KẸFÀ. Ilé ìwòsàn ẹranko náà, fíríìjì oògùn, òṣùwọ̀n ńlá àti kékeré, gbogbo síríńjì, ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ àyà ẹran, bàtà róbà, àti ẹṣin mi tó ti darúgbó, ni mo fi sílẹ̀ fún Abẹ́rẹ́.

Ẹ óò béèrè ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ni, ó ń kọ́ ìtọ́jú ẹranko, ọmọ sikọláṣíìpù wa sì ni. Ó ti ń wá bá mi ṣiṣẹ́ láti ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ẹran kì í mọ̀ pé ó ti gún òun ní abẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹṣin mi tí kì í gbọ́ tèmi, ó ń gbọ́ tirẹ̀. Ó máa ń bá mi jiyàn lórí ìwọ̀n oògùn, ó sì máa ń jàre nígbà mìíràn, èyí tí mo kórìíra. Bí a bá ní kí n sọ ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọjọ́ ogbó mi, òun ni pé ọmọ yìí á wọlé láàárọ̀, á so aṣọ iṣẹ́ mọ́dìí, á béèrè pé, Bàbá, ta ló kù sí àtìmọ́lé lónìí? Ó ń béèrè àwọn ẹran tó sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wa ni. Ọmọ mi ọkùnrin kò fẹ́ kí n fún un ní nǹkan kan. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ó máa lọ níwájú, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n ni mo fi í lé lọ́wọ́.

ÌPÍN KEJE. Ajá mi ni mo fi sílẹ̀ fún aládùúgbò mi, oníbúrẹ́dì, nítorí pé òun ló fẹ́ràn rẹ̀ jù lẹ́yìn mi.

Mo kọ ìyẹn lánàá. Ní òwúrọ̀ yìí mo bá ajá náà ní ẹsẹ̀ géètì, ó ti kú, ara rẹ̀ ti le. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ tó, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi ohun tó pa á. Oògùn eku ni, wọ́n fi sínú ẹran tútù. N kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń sọ fún alámùúṣẹ mi pé ìpín keje kò sí mọ́, àti pé ní òpópónà wa, láti ìgbà tí mo ti ń gbé níbẹ̀, kò sí ẹni tó fún ajá mi ní oògùn eku rí. Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé n kò gbà kí wọ́n kọ́lé sórí ilẹ̀ náà ni ọkọ̀ kan náà ti máa ń dúró ní ọ̀kánkán ilé mi lọ́sàn-án, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gún èèkàn tí wọ́n kùn ní pupa sórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò. Láti fèrèsé yìí, mo ń gbọ́ àwọn ọmọ sikọláṣíìpù tí wọ́n ń fi orin Ìgbẹ́lẹ̀ dánra wò. Ohùn wọn dùn gan-an, ó sì ń ba ọkàn mi jẹ́.

Ó kù kí n wá ẹlẹ́rìí. Òfin ní kí ènìyàn méjì dúró tì mí nígbà tí mo bá ń fọwọ́ sí ìwé yìí. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Mo rò pé ẹni tó bá lè kọ orúkọ ara rẹ̀ lè ṣe é.

Mo kọ́kọ́ pe dókítà tó ń tọ́jú ọkàn mi, nítorí pé bí òun bá fọwọ́ sí i pé orí mi pé, ta ni yóò jiyàn? Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, ó fún mi ní oògùn tuntun, ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó wò. Afínjú ni alága ìgbìmọ̀ ọsibítù náà. Dókítà ṣì ń rò ó wò. Mo pe oníbúrẹ́dì. Ó sunkún nítorí ajá, ó sì sọ òótọ́ fún mi, èyí tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún. Ó ní ẹgbẹ́ wa ló ń ra búrẹ́dì gbogbo àwọn ọmọ yẹn lọ́wọ́ òun, pé bí òun bá fọwọ́ sí i pé orí mi pé, ohun tí òun sọ ni pé ilẹ̀ tí Afínjú yàn ń pa ènìyàn, iná ààrò òun yóò sì kú kí oṣù tó tán. Ó ní, Dókítà, ẹ má bínú sí mi, ọmọ ló wà lọ́rùn mi. N kò bínú sí i. Mo pe ẹnì kẹta, kò gbé fóònù.

Èmi tí mo ti fọwọ́ tọ́jú ẹran ìdajì ìlú yìí jókòó sórí àga, n kò rí ènìyàn méjì tí yóò sọ pé orí mi pé.

Lọ́sàn-án òní, Abẹ́rẹ́ wọlé, ó mú ẹnì kan dání. Òpó ni wọ́n ń pè é nítorí gíga rẹ̀. Òun ni olórí àwọn ọmọ sikọláṣíìpù, ìtàn ni ó ń kọ́ ní yunifásítì, kò sì gbà mí gbọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Abẹ́rẹ́ ti mú un lọ síbi tí mo ti sun ewúrẹ́, ó sì ṣàlàyé ohun tí àrùn náà ń ṣe fún un láti inú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Òpó jókòó níwájú mi, ó bi mí ní ìbéèrè tó pọ̀ ju ti adájọ́ lọ. Nígbà tó ṣe tán, ó ní òun yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Abẹ́rẹ́ ní òun ni ẹnì kejì.

Mo kọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí ìhágún kò lè jogún nǹkan kan nínú rẹ̀, pé bí ó bá fọwọ́ sí i, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn mọ́ ara rẹ̀ síta. Mo tún sọ fún un pé sikọláṣíìpù rẹ̀ lè lọ, ọdún kan péré ló sì kù fún un. Ó ní òun mọ̀. Ó ní àwọn tí àwọn jọ ń sùn lórí ibùsùn kan ló fẹ́ lọ fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ yẹn, kí ni òun fẹ́ fi fíríìjì ṣe bí wọ́n bá kú tán? Mo wojú rẹ̀, ojú ara mi sì kún fún omi. Àgbà kì í sunkún lójú ọmọdé, wọ́n ní, ṣùgbọ́n mo sunkún.

ÌPÍN KẸJỌ. Mo pa ìpín kẹfà rẹ́. Ilé ìwòsàn ẹranko, àwọn irinṣẹ́ àti ẹṣin náà di ti ọmọ mi obìnrin, kí ó ṣe wọ́n bí ó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ mi, n kò lè kọ ohun tí mo fẹ́ síbí. O gbọ́n.

ÌPÍN KẸSÀN-ÁN. Ìhágún kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ bá wà láàyè. Afínjú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òpó ló sọ fún mi pé wọn kò dúró de adájọ́ mọ́, ọ̀la ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fi Ọjọ́ Ìgbẹ́lẹ̀ sí. Mo lọ sí tésàn. Àwọn ọlọ́pàá fún mi ní omi tútù, wọ́n sì pe ọmọ mi ọkùnrin kí ó wá mú mi lọ sílé. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, òkú tó ní ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀ ju alààyè tó ń pariwo lọ.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọ̀la, èmi yóò gbé àga lọ sí ìsàlẹ̀ odò, n ó sì jókòó sójú kòtò náà gan-an. N ó sọ fún àwọn ọmọ ohun tí mo kọ síbí. Bí wọ́n bá gbọ́, a ó jọ padà sílé, n ó sì fa ìwé yìí ya kí n tún un kọ kí Abẹ́rẹ́ lè rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fipá gbé mi kúrò, kí ó kọ́kọ́ rántí irú ọkàn tó wà láyà mi. Bí ọkàn náà bá dúró níbẹ̀, láti ìṣẹ́jú náà lọ ilẹ̀ náà kì í ṣe tèmi mọ́, ó ti bọ́ sí ìkáwọ́ ọmọ mi obìnrin, ọmọ mi ọkùnrin kò sì lè fi tọrẹ. Abẹ́rẹ́ ní ẹ̀dà ìwé yìí lọ́wọ́. Kí ó dúró tì mí, kí ó sì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kí ó wà nínú ìwé yìí pé ẹ̀rù bà mí, nítorí pé wèrè kì í bẹ̀rù.

Mo fọwọ́ sí i ní yàrá ìjẹun ilé mi, ní ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó wọ̀.

DÓKÍTÀ MÀLÚÙ

Àwa tí a fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ yìí wà níbẹ̀ nígbà tó fọwọ́ sí i. A rí i, a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ pé.

Ẹlẹ́rìí kìíní: ABẸ́RẸ́, akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ẹranko, ọmọ sikọláṣíìpù.

Ẹlẹ́rìí kejì: ÒPÓ, akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, olórí àwọn ọmọ sikọláṣíìpù, ẹni tí wọ́n yàn pé kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ náà lọ́la.